Dírónù mi ń yí po tó bá wà lórí GPS, kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa dírónù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá fi dírónù mi sórí GPS (ètò tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tó wà, kí ó lè dúró sójú kan fúnra rẹ̀), kì í dúró. Á bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, òbìrí náà á sì máa fẹ̀ sí i. Tí mo bá yọ ọ́ kúrò lórí GPS, ó ń gbọ́ràn dáadáa, atẹ́gùn nìkan ló ń tì í díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fura sí kọ́ńpáàsì, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí ó mọ ibi tó kọjú sí, ju mọ́tò lọ.

Mo ti tún kọ́ńpáàsì náà ṣètò ní gbangba, níbi tí kò sí irin, pàbó ló já sí. Wáyà bátìrì gba abẹ́ kọ́ńpáàsì náà gan-an kọjá. Ṣé ìyẹn lè máa dà á láàmú nígbà tí mọ́tò bá ń fa iná púpọ̀? Ṣé kí n gbé kọ́ńpáàsì náà jìnnà sí wáyà yìí?

Bí n ó ṣe dán an wò láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe ló ká mi lára jù. Nínú ilé, mo máa ń yọ gbogbo abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kí n tó tan mọ́tò. Níta ńkọ́, ṣé mítà 2 sókè lórí koríko ti tó?