Ojú USB iwájú ń pa kọ̀ǹpútà wa, ẹ dákun ẹ gbà mí

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì wa ti ń kú fúnra rẹ̀ láti àná. Bí mo bá ti tàn án, ojú dúdú ló ń fi hàn, tí yóò sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé “USB Device Over Current Status Detected”, pé òun yóò kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 15, bó sì ṣe wí náà ló ń ṣe. Táyé ló ki fláàṣì bọ ojú USB iwájú tí wàhálà fi dé. Inú fláàṣì yẹn ni gbogbo fọ́tò ìsìnkú bàbá mi wà, n kò sì ní ẹ̀dà wọn níbòmíràn. Ṣé motherboard, pátákó ńlá inú rẹ̀ tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́, ló jóná ni? Ṣé àwọn fọ́tò náà ti lọ nìyẹn?

Bàbá Bọ̀sẹ̀, Houston:
Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Motherboard tó ti jóná pátápátá kì í kọ̀wé sójú kọ̀ǹpútà. Ńṣe ló ń dáàbò bo ara rẹ̀, nítorí iná 5V tó ń lọ sí ojú USB kan ti pàdé wáyà ilẹ̀, èyí tí iná ń gbà padà. Ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lójú USB, títí kan kíbọ́ọ̀dù àti máòsì, kí ẹ sì tàn án wò. Bó bá ṣì ń kú, ẹ yọ wáyà iná kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú àwọn ojú iwájú. Ẹ ó rí pátákó pẹlẹbẹ kékeré kan nínú ihò náà, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tò sí lára. Bí ọ̀kan bá ti wọ́, tó wá fara kan irin tó yí ihò ká, ọwọ́ ti ba olè nìyẹn.

Àbúrò yín ní Dublin:
Òótọ́ lẹ sọ, sà, àmọ́ kí wọ́n má ṣe fi abẹ́rẹ́ tọ́ irin yẹn nígbà tí wáyà bá ṣì wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí pé lọ́pọ̀ ẹ̀rọ, 5V ṣì máa ń wà lójú USB bí kọ̀ǹpútà tilẹ̀ ti kú. Èyí tó dájú jù ni kí wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, kí wọ́n tọ wáyà ojú iwájú dé ibi tó ti wọ motherboard. Ti USB 2.0 àtijọ́ ní píìnì (irin ṣóńṣó kékeré) 9, ti 3.0 tó yára jù ú lọ ní 19, ó fẹ̀, wáyà rẹ̀ sì nípọn. Ẹ fà á yọ gbọọrọ, mà, ẹ má mì í sọ́tùn-ún sósì, torí píìnì 19 yẹn kì í pẹ́ tẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dúró lẹ́yìn náà, ojú iwájú nìkan ló bàjẹ́, ẹ lè máa lo ti ẹ̀yìn.

Ìyá Dékẹ́mi, Manchester:
Bí ẹ bá ń dá wáyà padà, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára motherboard. Ojú FireWire, irú ojú wáyà àtijọ́ kan tí a fi ń so kámẹ́rà fídíò, ni mo ki tèmi sí nígbà kan, nítorí píìnì wọn jọra. 12V ló wà níbẹ̀! Háàdì díìsìkì tí mo ki bọ iwájú jóná, fọ́tò ìgbéyàwó wa sì bá a lọ.

Bàbá Bọ̀sẹ̀, Houston:
Kò lè rí bẹ́ẹ̀, ìyàwó wa. Wọ́n yọ píìnì kan kúrò níbẹ̀ kí wáyà má baà wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìyá Dékẹ́mi, Manchester:
Ti ohùn, ibi tí wáyà ojú agbétí iwájú ń wọ̀, lẹ ń wí, sà. Píìnì kẹjọ ni wọ́n yọ lára ti ohùn, ẹ̀kẹsàn-án ni ti USB, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè wọnú ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹsàn-án náà ni wọ́n yọ lára FireWire, kò sì sí ohun tó máa dá yín dúró.

Àbúrò yín ní Dublin:
Ìyá Dékẹ́mi ló jàre, sà. Ìwé tó ń bá irú motherboard bẹ́ẹ̀ wá máa ń ṣe ìkìlọ̀ rẹ̀. Àwọn tuntun kò ní FireWire mọ́, ṣùgbọ́n ta ló mọ ọjọ́ orí ti Ìyá Ìbejì?

Ìyá Ìbejì, Peckham:
Mo ti rí i! Ní ojú apá òsì, irin kan ti dojú kọ ẹ̀gbẹ́. Mo fa wáyà yẹn yọ, kọ̀ǹpútà sì tàn, kò kú mọ́. Ẹ ṣeun, Olúwa yóò dá yín lọ́lá. Fláàṣì ńkọ́?

Bàbá Bọ̀sẹ̀, Houston:
Ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó kì í bọ ti ẹ̀yìn. Bó bá wọ́, ẹ má fipá tì í. Ẹ̀bi yín ni, Houston ló yẹ kí ẹ wá máa gbé. Ṣọ́ọ̀bù ńlá ni a ti ń ra ojú iwájú tuntun níbí.

Ìyá Dékẹ́mi, Manchester:
Rye Lane kún fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe, wọ́n á bá wọn wò ó. Peckham ju Houston lọ, ẹ fi í sílẹ̀.

Àbúrò yín ní Dublin:
Ẹ̀yin méjèèjì, Computer Village ní Ìkẹjà ni baba wọn. Bí ẹ bá gbé e dé Òtìgbà, ọmọkùnrin kan á jókòó sórí àga kékeré, á tú ojú tó bàjẹ́ kúrò, á jó tuntun mọ́ ọn níṣojú yín, ẹ ó sì ti ná owó rẹ̀ wálẹ̀ kó tó parí. Àárò ibẹ̀ ń sọ mí gan-an.

Ìyá Dékẹ́mi, Manchester:
Ta ló ń bọ̀ láti Èkó lóṣù tó ń bọ̀? Kó jọ̀ọ́ bá mi ra ojú USB méjì bọ̀.