Bàbá ìyàwó mi fi ìbọn arọ̀jò-ọta méjì sílẹ̀ nínú séèfù, ta ló lè jogún ẹ̀?

OmoMapo_HTX

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ tí mi ò mọ ẹni tí mo lè bi, torí ẹni tí mo bá bi níbi iṣẹ́, ẹ̀rù ló máa bà á. Bàbá ìyàwó mi papòdà lóṣù tó kọjá, òyìnbó ni wọ́n, ọmọ Texas pọ́ńbélé, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn láyé àtijọ́ kí wọ́n tó dá láísẹ́ǹsì padà fún ìjọba tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ìyàwó mi ni wọ́n kọ sínú wíìlì pé kó bójú tó ogún.

Sátidé la lọ ṣí séèfù tó wà ní gáréèjì wọn. Ṣakabùlà olóyìnbó bíi mẹ́fà ló wà níbẹ̀ àti ráífù ọdẹ, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni, méjì, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì sójà wé wọn bí ọmọ tuntun. Èmi ni mo tú u. Ọ̀kan jẹ́ MP40 ti àwọn Jámánì ayé Hitler, wọ́n tẹ "bnz 43" sí i lára, nọ́ńbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kékeré kan lẹ́yìn ẹ̀. Ìkejì Uzi. Ìyàwó mi ní méjèèjì lòun mọ̀ láti kékeré, téèyàn bá ti tẹ̀ ẹ́ kì í dúró.

Bàbá àgbà wọn ló gbé MP40 yẹn bọ̀ láti ojú ogun ní 1945. Ẹnfílọ́ọ̀bù kan wà pẹ̀lú ẹ̀, ìwé méjì ló wà nínú ẹ̀: ọ̀kan tí ọ̀gá sójà buwọ́ lù pé kí sójà yìí máa gbé ìkógun ẹ̀ relé, ìkejì jẹ́ fọ́ọ̀mù kan tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, 1968 ló wà lórí ẹ̀. Ti Uzi, ìwé 1984 ni, ṣùgbọ́n kò yé mi.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin tó ń gbé ní California ń bọ̀ lọ́sẹ̀ méjì sí i, ó ní òun máa gbé MP40 sínú bọ́ọ̀tù mọ́tò òun lọ torí ohun ìrántí bàbá àgbà ni. Ìyàwó mi ní ká kó gbogbo ẹ̀ wá sílé wa ní Houston ná. Èmi, físà iṣẹ́ H-1B ni mo ṣì wà o, gíríìn káàdì ò tíì dé. Kí ni ká ṣe?

---

Baba_Sala_Jnr

Ẹ ju méjèèjì sínú kọ̀ǹténà mọ́tò tókunbọ̀, tó bá dé Àpápá ẹ pè mí 😂 àwọn Àmọ̀tẹ́kùn ń wá irú ẹ̀.

---

AgbaOde_Dallas

Baba Sala jọ̀ọ́ má fi ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n ṣàwàdà, ẹlòmíì á kà á á sì ṣe é. Kó ìbọn jáde ní Amẹ́ríkà láìgbàṣẹ, ẹjọ́ nìyẹn lọ́tọ̀, kó tún wá dé Nàìjíríà, lábẹ́ òfin ìbọn wa ti 1959 àyàfi kí Ààrẹ fúnra ẹ̀ fún ẹ láṣẹ. Ó yá ká fi ìyẹn sílẹ̀.

OmoMapo, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ṣiṣẹ́ ní ìdí káńtà ṣọ́ọ̀bù tó ń ta irú nǹkan wọ̀nyí, mo sì ti rí i tí ọmọ olóògbé gbé ìbọn bàbá ẹ̀ wọlé wá bá wa nínú báàgì bọ́ọ̀lù, tí ọ̀gá mi dìde kúrò lórí àga bí ẹni tó rí ejò. Torí náà, ẹ gbọ́ eléyìí kẹ́ ẹ tó gbọ́ ìyókù: ẹ má gbé e kúrò níbi tó wà. Ẹ má gbé e fún dílà ìbọn pé kó bá yín tọ́jú ẹ̀, ẹ má gbé e fún un pé kó bá yín wá ẹni tó máa rà á. Kí ìbọn arọ̀jò-ọta bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì kí ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbọn, tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, òun gan-an lẹ̀ṣẹ̀. Ìyàwó yín tí wíìlì fi ṣe alábòójútó ogún, òfin gbà pé kó máa ṣọ́ ọ títí ọ̀rọ̀ kóòtù á fi parí, ẹlòmíì kankan ò sí níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé òfin sọ pé aráàlú ò gbọdọ̀ ní ìbọn arọ̀jò-ọta rárá. Irọ́ ni o. Ní 1934, lẹ́yìn tí Al Capone àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti fi ìbọn arọ̀jò-ọta Thompson da Chicago rú, ìjọba Roosevelt ṣe òfin kan, National Firearms Act (NFA), wọn ò ní kẹ́ ẹ má ní i, wọ́n ní kẹ́ ẹ wá forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì san owó orí dọ́là 200 nígbàkigbà tó bá ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Dọ́là 200 nígbà yẹn, iye Thompson fúnra ẹ̀ nìyẹn o, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi pa ọjà yẹn ni. Iye yẹn náà ló ṣì wà títí dòní, láti oṣù kìíní 2026 wọ́n sọ ti sáílẹ́ńsà àtàwọn ìbọn tí wọ́n gé kúrú di òfo, ṣùgbọ́n ti arọ̀jò-ọta, dọ́là 200 ṣì ni.

Lẹ́yìn náà wọ́n ti ilẹ̀kùn méjì. Òfin 1968 ti ilẹ̀kùn ti ìtá: ìbọn arọ̀jò-ọta tó bá ti òkè òkun wọlé lẹ́yìn ẹ̀, ti ìjọba ni, tàbí kí dílà tó ní láísẹ́ǹsì ẹ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ fún ọlọ́pàá, kò lè dé ọwọ́ ẹni lásán. Òfin May 19, 1986 ti ilẹ̀kùn inú ilé: èyí tí wọ́n bá ṣe láti ọjọ́ yẹn lọ, kódà kó jẹ́ ibí ni wọ́n ti ṣe é, aráàlú ò lè ní i. Nítorí náà iye tó wà lọ́wọ́ aráàlú ò lè pọ̀ sí i mọ́, ṣe ló ń bà jẹ́ tó ń dín kù, ìdí nìyẹn tí MP40 tó níwèé fi ń lọ ní owó mọ́tò tuntun. Kì í ṣe irin yẹn lẹ ń rà, ìwé lẹ ń rà.

Ó wá kan ti yín. Ìwé tí ọ̀gá sójà buwọ́ lù yẹn, ẹ fi sínú férémù, ẹ gbé e kọ́ sí ògiri, kò wúlò fún nǹkan míì. Ìwé pé wọ́n gbà kó gbé ìkógun kọjá omi ni, kì í ṣe ìwé pé wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Àìmọye ọmọ ológun ló gbára lé irú ẹ̀ tó jẹ́ pé ìbọn tí kò lórúkọ ló ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí. Fọ́ọ̀mù 1968 tó pọ́n yẹn ni góòlù. Ẹ bá mi wo orí ẹ̀, ṣé 4467 ló wà níbẹ̀? Oṣù kọkànlá ọdún yẹn, láti ọjọ́ kejì títí di ọjọ́ kìíní oṣù Disẹ́ńbà, ìjọba ṣílẹ̀kùn ìdáríjì pé kí ẹni tó bá ní ìbọn tí kò lórúkọ wá kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ò ní bi í bó ṣe dé ọwọ́ ẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré. Wọn ò tíì ṣí i mọ́ láti ìgbà náà. Ẹni tí bàbá ẹ̀ sùn gbàgbé lóṣù yẹn, irin lásán ló fi jogún, ọ̀dọ̀ ìjọba nìkan ló ń lọ, kò sí fọ́ọ̀mù kankan tó lè ra ẹ̀mí ẹ̀ padà.

Uzi yẹn lọ́rọ̀ wà lórí ẹ̀. Uzi méjì lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ìbejì, Israel ló ṣe méjèèjì, ẹ ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ọ̀kan, ìgbà tó wọ Amẹ́ríkà ọta kọ̀ọ̀kan ló ń yìn, oníṣẹ́ ọwọ́ kan níbí ló tún un ṣe di arọ̀jò-ọta tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí May 1986 tó dé. Ìyẹn, ẹnikẹ́ni tí òfin ò bá ká lọ́wọ́ kò lè rà á. Ìkejì, arọ̀jò-ọta ló ti jẹ́ láti Israel, dílà ló kó o wọlé lẹ́yìn 1968 fún àpẹẹrẹ. Ìyẹn, dílà sí dílà ni, iye ẹ̀ ò sì tó ti àkọ́kọ́ rárá. Dílà tó bá dá láísẹ́ǹsì padà lè mú ọ̀kan tó wọlé ṣáájú May 1986 sọ́wọ́ ara ẹ̀, ó jọ pé ohun tí bàbá ìyàwó yín ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n kò lè tà á fún aládùúgbò. Ẹ ka ìwé 1984 yẹn dáadáa, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ sí i pé sales sample, ìyẹn àpẹẹrẹ dílà.

---

OmoEkun_ATL

Ẹ̀gbọ́n, "ẹnikẹ́ni tí òfin ò bá ká lọ́wọ́ kò lè rà á"? Ṣé kò lè rà á ni àbí ó lè rà á, ẹ má jẹ́ kí bọ̀dá yẹn lọ sí kóòtù nítorí àṣìtẹ̀ 😂

---

AgbaOde_Dallas

Haa, ó LÈ rà á. Fóònù mi ló kó bá mi. Ẹ ṣé.

---

IyaIbeji_MD

OmoMapo, gbogbo ohun tí Àgbà Ọdẹ sọ dáa, ṣùgbọ́n ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni gbólóhùn kan tẹ́ ẹ kọ bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀: "èmi ni mo tú u." Ọ́fíìsì lọ́yà ìwé ìgbélùú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá wà ní físà tí kì í ṣe ti ìgbélùú títí, H-1B yín wà nínú ẹ̀, F-1 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wà nínú ẹ̀, òfin àpapọ̀ ní kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́. Kì í ṣe arọ̀jò-ọta nìkan o, títí kan ṣakabùlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn. Oní-gíríìn-káàdì yàtọ̀, ìyẹn lè ní i. Ìwọ ò tíì gbà á.

Òfin ò sì sọ pé dandan kó wà ní àtẹ́lẹwọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí séèfù, tí séèfù wà ní yàrá yín, tẹ́ ẹ lè mú un nígbà tó bá wù yín, lọ́yà ìjọba lè sọ pé ọwọ́ yín ló wà. Ẹjọ́ ìbọn sì ní ẹsẹ tiẹ̀ lọ́tọ̀ nínú òfin ìgbélùú tí wọ́n lè torí ẹ̀ dá èèyàn padà sílé, wọn ò ní bi yín pé ṣé ìyàwó yín ọmọ onílùú ni. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí ìyàwó yín kó nǹkan kan wá sí Houston.

---

OmoEkun_ATL

Mọ̀mí, àbáyọ wà o. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà lórí F-1 ra láísẹ́ǹsì ọdẹ, owó ẹ̀ ò pọ̀, ó sì ra ìbọn, ó bófin mu.

---

IyaIbeji_MD

Òótọ́ ni, ó wà nínú òfin, ẹni tó bá ní láísẹ́ǹsì ọdẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ bọ́ kúrò nínú ìdènà yẹn. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò pa ohun tí OmoMapo ti tú kó tó ra láísẹ́ǹsì rẹ́, àti pé kí ló fẹ́ fi MP40 dọdẹ, ọ̀kẹ́rẹ́? Kí lọ́yà tó ń bójú tó gíríìn káàdì ẹ̀ sọ ọ́ fún un, kí ó má gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Ìjìyà ìbọn arọ̀jò-ọta tí ìwé ẹ̀ ò tọ́ lè tó ọdún mẹ́wàá lẹ́wọ̀n, ta ló fẹ́ fi ìyẹn dánra wò.

---

AgbaOde_Dallas

Mo fara mọ́ Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ n parí ti California. Kò lè gbé e o. California ò fún aráàlú lásán láyè láti ní in, ATF ò sì ní buwọ́ lu ohun tí òfin ìpínlẹ̀ ibi tó ń lọ bá kọ̀. Kódà ká ní Georgia ló ń gbé tí wọ́n ti gbà á láyè, kò lè kàn jù ú sí bọ́ọ̀tù. Maryland ti Ìyá Ìbejì, wọ́n gbà á láyè ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ lóṣù May lọ́dọọdún, ẹ ẹ̀ rí i pé kálukú ló ní bó ṣe ń ṣe é. Texas tiwa rọrùn: tó bá ti wà nínú ìwé ATF, ìpínlẹ̀ ò ní wàhálà.

Ìyàwó yín gẹ́gẹ́ bí ajogún, Form 5 ló máa kún, kò ní san kọ́bọ̀ owó orí. Ó máa fi ìwé ẹ̀rí ikú, wíìlì, ìwé kóòtù tó fi ṣe alábòójútó, àti ìtẹ̀ka ọwọ́ ẹ̀ sí i. Ẹ ṣe é kí kóòtù tó ti ọ̀rọ̀ ogún pa. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló fẹ́ tà á fún ẹlòmíì, Form 4 nìyẹn, dọ́là 200 sì dé.

---

OmoMapo_HTX

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìyàwó mi lọ síbẹ̀ lónìí, òun nìkan, èmi jókòó sínú mọ́tò níta bí awakọ̀. 4467 ló wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn lóòótọ́! Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lórí fọ́ọ̀mù kò ní lẹ́tà tó wà lára ìbọn lẹ́yìn ẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin péré ni wọ́n kọ. Ti Uzi, sales sample ló wà níbẹ̀ gbọnmọgbọnmọ.

---

AgbaOde_Dallas

Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà yẹn kó ìpayà bá yín, àwọn Jámánì máa ń fi lẹ́tà kún nọ́ńbà wọn, ẹni tó ń fi pẹ́ńsù kún fọ́ọ̀mù ní 1968 lè má kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi pamọ́. Kí ìyàwó yín ya fọ́tò ibi tí nọ́ńbà wà, kó kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka NFA ti ATF ní Martinsburg, West Virginia, pẹ̀lú ìwé tó fi hàn pé òun ni alábòójútó, kó ní kí wọ́n bá òun wo ohun tó wà nínú ìwé àwọn nípa ìbọn méjèèjì kí wọ́n sì tún nọ́ńbà ṣe. Owó orí ni wọ́n ka ìwé yẹn sí, wọn ò ní sọ ọ́ fún èmi tàbí ìwọ, òun nìkan ni wọ́n lè dá lóhùn. Ìgbà tí èsì bá dé ló tó kún Form 5. Ti Uzi, ẹ wá dílà tó ní láísẹ́ǹsì arọ̀jò-ọta, kó kún fọ́ọ̀mù kó sì dúró de ìbuwọ́lùwé kó tó wá gbé e. Kò ní san owó gidi, kí ìyàwó yín má fi bínú.

---

OmoMapo_HTX

Lẹ́tà ti lọ ní Tuesday. Àbúrò ẹ̀ ń bínú, wọ́n ti fún un ní ìwé ọ̀gá sójà yẹn pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì, ó ní kò tó. Ìyàwó mi sì ti pààrọ̀ nọ́ńbà séèfù, mo bi í lálẹ́ àná pé kí ló fi ṣe é, ó ní kí n lọ bi Ìyá Ìbejì.