Ìgbàyà àti àṣíborí fún eré iléèwé: igi wo ni kí n gbẹ́, kí ni kí n lẹ̀ mọ́ ọn?

TíṣàKàbà
Ọ̀kún o gbogbo ilé. Àwọn ọmọ JSS 3 fẹ́ ṣeré ogun Núpé ní ìparí táàmù yìí, títí dé 1897 tí Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Bídà tó jẹ́ olú ìlú Núpé, mo wá ń wá ìgbàyà àti àṣíborí fún àwọn ọmọ ogun. Wọ́n ní kí n gbẹ́ igi bí àyà èèyàn, kí n lẹ nkan mọ́ ọn, tó bá gbẹ kí n bọ́ ọ. Igi wo ni? Báwo ni ò ṣe ní lẹ̀ pa mọ́ igi yẹn? Owó ò sí o, ẹ má rán mi lọ Èkó.

Káfíńtà_Ìsánlú
Àǹtí tíṣà, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n ta ìrókò fún yín, ó le jù. Arère tàbí mélínà rọ̀ ún gbẹ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò tiẹ̀ ní gbẹ́ ìtì igi rárá, màá lọ ṣa àjẹkù plywood ní ṣọ́ọ̀bù, màá gé e láti ńlá dé kékeré, màá fi gúlúù tò ó léra wọn bí àtẹ̀gùn, kí n tó wá fi fáìlì àti sáńpépà dán an. Ibi tí wàhálà wà ni pé ìdí fọ́ọ̀mù, ìyẹn igi tí ẹ máa lẹ nkan mọ́ yẹn, gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju òkè ẹ̀ lọ, tí ibì kan bá lọ wọnú báyìí nkan tí ẹ lẹ̀ á há síbẹ̀, ẹ fà á, ó ya. Fọ́ọ̀mù ti àṣíborí, ẹ là á sí mẹ́ta, ti àárín lẹ ó kọ́kọ́ fà yọ, àwọn tẹ̀gbẹ́ á wá já bọ́ fúnra wọn.

ÌyáOníṣọ̀nà
Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni kẹ́ ẹ lò o, èyí tó jẹ́ bébà gan-an, kì í ṣe oníke. Ẹ fọ sìmẹ́ǹtì ẹ̀ dànù dáadáa. Ẹ fi nylon bo igi, ẹ fi òrí pa á, ẹ fi sítáàṣì lẹ bébà náà mọ́ ọn ní ìpele ìpele, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí ẹ tó lé òmíì. Ìpele tó kẹ́yìn, gúlúù funfun káfíńtà ni o, torí eku fẹ́ràn sítáàṣì.

Ṣúmékà_Ẹgbẹ̀
Bébà á rọ̀ tí òjò bá pa á lórí pápá ṣá. Fóòmù tá a fi ń ṣe ìtẹ̀lẹ̀ sílípáàsì ńkọ́? Ẹ yá a níná, kó má jóná, ẹ nà án mọ́ igi náà, ẹ fi rọ́bà tíúbù dì í títí á fi tutù, bó ṣe rí náà ló máa dúró sí. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o, èéfín ẹ̀ ò dáa fún àyà.

ÌyáOníṣọ̀nà
Àbí kẹ́ ẹ tiẹ̀ dín iṣẹ́ kù? Àwọn ẹlẹ́ṣin ogun ìgbà yẹn, aṣọ tí wọ́n ki òwú sínú ẹ̀ kó nípọn ni àwọn kan nínú wọn ń wọ̀. Ẹ lọ bá télọ̀.

TíṣàKàbà
Háà, ìyẹn dáa! Aṣọ fún àwọn ẹlẹ́ṣin nìyẹn, kí n wá fi bébà ṣe àṣíborí, fóòmù fún ìgbàyà ọ̀gágun nìkan. Bọ̀dá káfíńtà, ṣé fọ́ọ̀mù kan á gba orí gbogbo wọn?

Káfíńtà_Ìsánlú
Ẹ wọn ọmọ tí orí ẹ̀ tóbi jù. Àwọn tó kù, ẹ ki aṣọ sínú ẹ̀.