Kí ni ká wò kí a tó gba ìpolówó blockchain gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń polówó pé Solana, ọ̀kan lára àwọn blockchain (ìwé àkọsílẹ̀ ìdúnàádúrà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú), lè ṣe ìdúnàádúrà 65,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Èsì kìíní: Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń kà. Lórí Solana, ìbò tí àwọn validator (kọ̀ǹpútà tó ń yẹ ìdúnàádúrà wò) ń dì láti fọwọ́ sí block (àkójọ ìdúnàádúrà) wà lára ìdúnàádúrà tí wọ́n máa ń kà, bẹ́ẹ̀ ìbò kì í ṣe owó tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́. Ẹ tún wo ọjọ́ tí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí wọ́n ń ta token (owó orí blockchain) tuntun kan, àwọn bot (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀) ya bo Solana, ó sì dá iṣẹ́ dúró fún nǹkan bíi wákàtí 17.

Èsì kejì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀tọ́ àwọn tó ń ṣe Solana dù wọ́n. Wọ́n ṣàlàyé ohun tó fà á ní gbangba, wọ́n sì mú QUIC (ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń ránṣẹ́ síra wọn) wọlé láti kó irú ìyabò bẹ́ẹ̀ níjàánu. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń mọ oníṣẹ́ gidi.

Èsì kẹta: Ti Ethereum, blockchain mìíràn, náà ńkọ́? Àtúnṣe Merge ti ọdún 2022, tó yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí block padà, dín iná tó ń jẹ kù ju ìdá 99 nínú 100 lọ, àmọ́ àwọn olùpolówó tún fi kún un pé owó gas (owó tí à ń san fún ìdúnàádúrà) yóò wálẹ̀, nígbà tí ìkànnì Ethereum fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ kedere pé kò ní rí bẹ́ẹ̀.