Mo ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ, ikùn ò fọn, oṣù ò wá: ẹ̀yin tó ti kọjá níbẹ̀, ẹ wá sọ tiyín

Aránṣọ Bàsírì (Adó)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aránṣọ ni mí, ọmọ ọdún 31, mi ò tíì lọ́kọ. Tépù kì í kúrò lọ́rùn mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, torí náà kò sẹ́ni tó lè tàn mí nípa ara mi. Nígbà tí mo ṣe fúrídọ̀mù, íǹṣì 30 ni ìbàdí mi. Ó ti di 41 báyìí. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé apá mi ò kúkú tóbi, itan mi náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ikùn ni gbogbo ẹ̀ ń rọ́ sí.

Nǹkan oṣù mi ò mọ kàlẹ́ńdà. Ó lè pa mí tì fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, ọjọ́ tó bá wá dé, mi ò ní lè jókòó sídìí maṣíìnì. Irùngbọ̀n ń hù lágbọ̀n mi, abẹ ni mo fi ń fá a. Àwọn oníbàárà á ní, "Àǹtí, ẹ má fá a o, obìnrin onírùngbọ̀n, olówó ni." Mo ṣì ń retí owó náà. Ẹ̀yìn ọrùn mi dúdú, ó sì nípọn. Ìyá mi gbà pé ìdọ̀tí ni. Ó fi kànhìnkànhìn àti ọṣẹ dúdú bó mi lọ́rùn títí awọ fi fẹ́ ṣí, dúdú yẹn ò kúrò.

Èmi kì í ṣe alájẹkì. Mo ti fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Mo mu tíì tí wọ́n ní ó ń fọ ọ̀rá, kò rí nǹkan kan ṣe ju pé kó máa lé mi lọ sílé ìyàgbẹ́. Dọ́kítà tí mo rí wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní kí n lọ dín ẹnu kù. Kò gba ẹ̀jẹ̀ mi, kò fọwọ́ kan ikùn mi, kò bi mí léèrè oṣù. Oníbàárà mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní lábù ló sọ pé ó jọ PCOS, àìsàn ilé ẹyin obìnrin tó ń da oṣù rú, pé họ́mọ́ónù ni.

Ta ló ti rí irú èyí rí? Ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé èèyàn lè fọn pẹ̀lú ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé kí n má jẹ iyán mọ́, Èkìtì ni mo wà.

Ìyá Ìbejì (Ìjerò)

Àbúrò, kú ìfaradà. Gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀ yìí, bẹ̀rẹ̀ láti orí irùngbọ̀n títí dé ọrùn dúdú, ló ṣe èmi náà.

Ilé ọkọ ni tèmi ti ká mi mọ́. Ọmọ ò dé, mo sì ń sanra, ìyá ọkọ mi ní ọ̀rá ló di ọ̀nà ọmọ. Nígbà tí mo ṣe skáànù, wọ́n ní nǹkan wẹ́wẹ́ yí ilé ẹyin mi po, mo bú sẹ́kún, mo ní ìju ti wọlé. Dọ́kítà obìnrin tó wò mí ní kì í ṣe ìju rárá, pé ẹyin tó bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà tí kò rí agbára gbó ni. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní ínsúlíìnì ló ń kó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara, ṣùgbọ́n ara mi ti ń kọtí ikún sí i. Bí ara bá ti kọtí ikún, ara kan náà á tún máa pèsè òmíràn sí i. Àpọ̀jù rẹ̀ ló ń kó ọ̀rá jọ sí ikùn, òun náà ló ń ti ilé ẹyin láti máa ṣe họ́mọ́ónù ọkùnrin ju bó ṣe yẹ lọ. Ibẹ̀ ni irùngbọ̀n ti wá. Ibẹ̀ náà ni ọrùn dúdú ti wá, nítorí náà bá mi sọ fún Mọ̀mí kí wọ́n gbé kànhìnkànhìn padà síbi tí wọ́n ti mú un.

Kílò 94 ni mí lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé wọ́n á ní kí n padà sí bí mo ṣe wà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Rárá o. Wọ́n ní bí mo bá lè yọ ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, oṣù lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ìyẹn ni pé kílò 5 péré lè tó láti bẹ̀rẹ̀ fún èmi tí mo tóbi tó báyẹn! Ọkàn mi wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iyán ńkọ́? Mi ò fi í sílẹ̀. Abọ́ ni mo yí padà. Tẹ́lẹ̀, iyán á kún abọ́, ọbẹ̀ á kàn fara ti í. Ní báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ bu ẹ̀fọ́ tàbí ìsápá sí ìdajì abọ́, màá gbé ẹja lé e, kí iyán tó wá wọlé, kò sì ní ju ìkúùkù mi lọ. Ọ̀sán ni mo ń jẹ ẹ́. Iyán burú ní ti pé ó ń yọ̀ wọlé ni, èèyàn á ti gbé odidi iṣu mì kó tó rántí pé òun ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ máa ń dá èèyàn dúró. Bí ó bá sì di alẹ́, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà díẹ̀. Èmi ni mo ṣì ń gún iyán ilé wa, odó gidi, mi ò lo ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ní kì í ṣe eré ìdárayá, kó wá gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi nígbà iṣu tuntun.

Òṣùwọ̀n lè dójú ti èèyàn. Fún ìgbà pípẹ́, ibi kan náà ló ń tọ́ka sí. Ìró mi ló kọ́kọ́ sọ òótọ́. Etí kejì tó jẹ́ pé díẹ̀ ló fi ń kan ìbàdí tẹ́lẹ̀ ti wá ń kọjá lọ sẹ́yìn, mo sì ń rí ibi tí mo ti lè ki í bọ̀. Ìwọ tí o ní tépù, tépù ni kí o fi máa wo ara rẹ, fi òṣùwọ̀n sílẹ̀ ná.

Wọ́n fún mi ní metformin, oògùn tó ń jẹ́ kí ara gbọ́ ti ínsúlíìnì. Jọ̀ọ́, jẹun kí o tó lò ó. Inú mi kọ́kọ́ dàrú débi pé mi ò lè lọ sóde. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí díẹ̀, kí n máa gbé e sókè ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì rọlẹ̀. Kì í ṣe oògùn rírù o, má gbọ́ ti àwọn tó ń tà á bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní oògùn tó ń jẹ́ kí ẹyin já. Orúkọ tí ẹ fi ń pè mí ti sọ èyí tó kù.

Ọmọ Fásitì (Ọ̀yẹ́)

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, wọ́n sì ní PCOS ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wa la sanra. Ọdún kan gbáko ni oṣù fi ṣe mí ṣúkaṣùka, gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún á ní ìdánwò ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Èyí tó dùn mí jù ni irorẹ́ ojú. Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, mo kàn ní kí n fọwọ́ sí i.

Nọ́ọ̀sì Ifàkì

Aránṣọ, má lọ ra oògùn kankan ní kẹ́míìsì lórí ohun tí a bá sọ níbí. Láti ọdún 2003, tí àwọn onímọ̀ ti pàdé ní ìlú Rotterdam, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó pè é ní PCOS: kí oṣù máa ṣe ségesège, kí àmì họ́mọ́ónù ọkùnrin hàn lára tàbí nínú ẹ̀jẹ̀, kí skáànù sì fi ẹyin wẹ́wẹ́ púpọ̀ hàn. Méjì nínú mẹ́ta tó. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ àwọn àìsàn tó ń fara wé e kúrò. Nítorí náà, wọ́n á yẹ̀ ọ́ wò bóyá oyún ni, wọ́n á wo tairọ́ìdì, ẹṣẹ́ iwájú ọrùn tó ń ṣe họ́mọ́ónù, wọ́n á wo prolactin, họ́mọ́ónù tó ń mú omi ọmú wá, wọ́n á wo ṣúgà.

Ohun kan wà tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin máa ń fojú kéré. Wọ́n á ní, "Ó dára náà tí oṣù ò bá wá, mo ń fi páàdì pamọ́." Kò dára. Bí ilé ọmọ bá ń nípọn sí i tí kò sì ń ya, bó bá pẹ́, ó lè yọrí sí jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Bí oṣù bá kọjá mẹ́ta tí kò wá, wá dọ́kítà lọ, oògùn wà tí wọ́n fi ń mú un wá. Ẹ̀yin tó sì ti lọ́kọ, ẹ má rò pé àìrí oṣù jẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Mo ti rí ẹni tó wá fún PCOS tó jẹ́ pé oyún ló gbé wá.

Bí o bá ń lo fítámìn irun àti èékánná, sọ fún wọn ní lábù. Biotin tó wà nínú rẹ̀ lè da àbájáde tairọ́ìdì rú, wọ́n á ní kí o dá a dúró fún bí ọjọ́ méjì ná.

Ní ti dọ́kítà tó ní kí o dín ẹnu kù, mi ò ní sọ̀rọ̀ jù. Bí ojú bá ń ṣepin, ojú là ń fi hàn. Tí ẹni tí a fi hàn bá wo ibòmíràn, ká tún un fi han ẹlòmíràn. Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ dọ́kítà wà ní Adó níbẹ̀, òmíràn wà ní Ìdó. Gba ìwé láti ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí rẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀ka tó ń rí sí họ́mọ́ónù tàbí ti àwọn obìnrin.

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti mẹ́nu kan tèmi. Èmi náà ti fọkàn sí i pé PCOS ni, tairọ́ìdì ló padà jẹ́.

Mo ń sùn nínú ọ́fíìsì àwọn olùkọ́, ìwé ọmọ á wà lọ́wọ́ mi, ìkọ̀wé pupa á ti já bọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fẹ́ atẹ́gùn sára, èmi ń wọ súwẹ́tà. Ìgbẹ́ ò jáde, ohùn mi ki, irun iwájú orí ń já. Mo lọ sódò ìyá ìyá mi nígbà ọdún Ọlọ́sùnta, wọ́n wo ọrùn mi fínnífínní, wọ́n ní ó jọ pé gẹ̀gẹ̀ fẹ́ yọ. Àwọn dọ́kítà ò tíì rí i, ìyá arúgbó rí i! Ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé TSH, èyí tó ń pàṣẹ fún tairọ́ìdì pé kó ṣiṣẹ́, ti lọ sókè, T4 tí tairọ́ìdì fúnra rẹ̀ ń ṣe sì ti lọ sílẹ̀.

Levothyroxine, oògùn tó ń rọ́pò họ́mọ́ónù tairọ́ìdì, ni mo ń lò. Láàárọ̀, omi lásán, inú òfìfo, màá dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí n tó mu ẹ̀kọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní ayọ́ọ̀nù nínú àti ti kálísíọ̀mù, ó di bíi wákàtí mẹ́rin sí i. Bí wọ́n bá yí i padà, wọ́n máa ń dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí wọ́n tó tún gba ẹ̀jẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ nípa ara fífọn. Mo rò pé tí mo bá ti lo oògùn, gbogbo ara ni yóò ṣàn dànù. Kílò díẹ̀ ló lọ, omi ara ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tó kù, mo ní láti fẹsẹ̀ rìn ín. Ṣùgbọ́n mo ti ní okun àtirìn, ohun tí mi ò ní tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Wọ́n tún bi mí bóyá ẹ̀bà àti láfún nìkan ni mò ń jẹ. Ẹ̀gẹ́ tí wọn ò rẹ kó kan dáadáa lè ṣokùnfà gẹ̀gẹ̀ fún ẹni tí áyódíìnì ò tó lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í sínú iyọ̀. Iyọ̀ tó ní áyódíìnì ni kí ẹ máa rà.

Ọmọ Ìlawẹ́

Ọkùnrin ni mí, ẹ gbà mí láàyè. Ìyá mi ló ṣẹlẹ̀ sí.

Eékún ló ń dùn wọ́n. Ẹnì kan tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ ta ìyẹ̀fun kan fún wọn, kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí nọ́ńbà NAFDAC. Eékún fò lọ lọ́gán, inú gbogbo wa dùn. Nígbà tó yá, ojú Mọ̀mí wá ń yí róbótó bí òṣùpá, ẹran rọ́ sí ikùn àti ẹ̀yìn ọrùn, apá àti ẹsẹ̀ wá tín-ín-rín. Ara wọn là ní pupa-pupa níkùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo èèyàn ń kí wọn: "Mọ̀mí ń jayé! Àwọn ọmọ ń tọ́jú yín!" Èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Àfìgbà tí ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru gòkè pọ̀. Dọ́kítà kan kò béèrè oúnjẹ rárá, ó ní kí wọ́n kó gbogbo oògùn ilé wá. Ó fura pé oògùn bíi dexamethasone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń ṣe bíi họ́mọ́ónù kan nínú ara, ni wọ́n lọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun yẹn. Kò sì jẹ́ kí wọ́n já a lójijì, nítorí ara tó ti lò ó pẹ́ kì í pèsè họ́mọ́ónù yẹn fúnra rẹ̀ dáadáa mọ́, ẹni tó bá ṣíwọ́ lẹ́ẹ̀kan lè ṣubú kó má dìde. Wọ́n ń dín in kù lábẹ́ ojú wọn ni. Aránṣọ, ṣé kò sí ìpara tàbí àgbo kankan tí ò ń lò?

Aránṣọ Bàsírì (Adó)

Ẹ ṣé gan-an, bọ̀dá mi. Òróró àgbọn nìkan ni mo ń fi para, mi ò sì mu àgbo. Ẹ bá mi kí Mọ̀mí.

Mo ti lọ gba ìwé lónìí. Nọ́ọ̀sì tó bá mi sọ̀rọ̀ kọ oṣù tí mo rí kẹ́yìn sílẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ọrùn mi láìjẹ́ pé mo fi hàn án. Wẹ́sìdeè ni skáànù ikùn àti gbígba ẹ̀jẹ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n jẹun wá àbí kí n má jẹ?

Nọ́ọ̀sì Ifàkì

Bí ṣúgà bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà, má jẹ nǹkan kan láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, omi lásán ò ṣe nǹkan. Jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, mu omi dáadáa, má sì tọ̀ títí wọn yóò fi pè ọ́ wọlé fún skáànù, torí bí àpò ìtọ̀ ò bá kún, wọn ò ní rí ilé ẹyin dáadáa, wọ́n á ní kí o jáde lọ mu òmíràn. Gbé mọ́ínmọ́ín dání, èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀.