Orúkọ inú ìtàn mi ò dún bí orúkọ, ẹ gbà mí

Ọmọ_Òkè_Kabba: Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kọ ìtàn kan, ayé tí mo fọwọ́ ara mi dá ni, òkè wà níbẹ̀, ẹbọra wà, ìlú méjì ń bára wọn jà. Orúkọ ló ń dà mí láàmú. Mo pe ọba kan ní Zarkhon, ìlú ẹ̀ Veldrim, mo kà á fún màmá mi, wọ́n ní ṣé oògùn ẹ̀fọn ni. Mo gbọ́ pé àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń kọ́ èdè àti ìtàn àtijọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ṣé òótọ́ ni àbí àṣejù?

Tíṣà_Ìsánlú: Òótọ́ ni o. Wo Tolkien, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tó kọ The Lord of the Rings, iṣẹ́ oúnjẹ ẹ̀ nìyẹn, ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni ní Oxford láti 1925, ṣáájú ìyẹn ó ti bá wọn ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, ọ̀rọ̀ tó fi W bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kó fún un (ẹ ò rí iṣẹ́!). Ó rí ọ̀rọ̀ kan, earendel, nínú ewì àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn ẹ̀ mọ́, ní 1914 ó kọ ewì tiẹ̀ lé e lórí, ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Èdè méjì tó dá fáwọn iwin ẹ̀, ọ̀kan jọ Finnish létí, èkejì jọ Welsh. Ó ní torí kí èdè òun lè ríbi gbé lòun ṣe dá ìtàn.

Ìyá_Ìbejì_Lọ́kọ́jà: Àbúrò, Yorùbá àjùmọ̀lò ò ní z, kò ní v, Veldrim ẹ tún kó l, d, r jọ sójú kan, ó wá fi m parí. Màmá ò nílò ìwé kankan, etí wọn ti mọ òfin. Ohun tó o lè ṣe rèé: Yorùbá àjùmọ̀lò ń pe ilé, Èkìtì ń pe ulé, iṣu di uṣu, imú di umú. Òfin kan ṣoṣo. Fún ìlú méjèèjì ní èdè kan náà, kó o wá yí ìró kan péré padà lẹ́nu ìlú kejì, níbi gbogbo o, má fo ìkankan. Òǹkàwé á fura pé ọmọ ìyá ló ń para wọn, o ò tíì sọ nǹkan kan.

Aṣọ_Ìpò: Mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n wa, ṣùgbọ́n má kàwé títí o ò fi ní kọ̀wé, Tolkien yẹn náà kú ní 1973, kò parí The Silmarillion, ìwé ìtàn àtijọ́ ayé ẹ̀ tó ti ń tún kọ látìgbà ọ̀dọ́. Ilé ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ní Freetown, ìwé ẹ̀ jáde ní 1854, Ìyàgbà, Ìjùmú, Ọ̀wọ́rọ̀, èdè àwa ará Òkun wà níbẹ̀. Rò ó wò, ẹni tó ti pàdánù ilé tí àlejò ń bi pé kí lẹ ń pe iná, kí lẹ ń pe omi. Tún lọ bi àwọn ará Bùnú léèrè aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin èèyàn ńlá. Tó o bá mọ ìdí tí aṣọ fi pupa, ayé yẹn á dúró fúnra ẹ̀.

Ọmọ_Òkè_Kabba: Ẹ ṣé o. Zarkhon ti di Arókè. Mo tún kà á fún màmá, wọ́n ní ọmọ ta nìyẹn, ará ibo ni. N ò tíì mọ̀ o, mo ń bọ̀.