Wọ́n ní ká bójú tó ọ̀rọ̀ àyíká nínú ìjọ wa: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìjọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ yan àwa mẹ́ta sídìí ọ̀rọ̀ àyíká, ọwọ́ ò sì tíì ba ibì kan. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo dúró ka ike omi tó wà lábẹ́ àga: mẹ́tàdínlógójì, omi ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Iná gbọ̀ngàn ṣì ń tàn yòò lọ́sàn-án gangan.

Alàgbà kan ní ṣebí ayé ń kọjá lọ. Mo rán an létí Jẹ́nẹ́sísì 2:15, pé Ọlọ́run fi èèyàn sínú ọgbà kó máa ro ó, kó sì máa ṣọ́ ọ. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni.

A ń ronú lórí Àkókò Ìṣẹ̀dá, ìyẹn àsìkò àdúrà àti ìtọ́jú ohun tí Ọlọ́run dá, tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń ṣe káàkiri ayé, láti 1 Oṣù Kẹsàn-án sí 4 Oṣù Kẹwàá. Àmọ́ mi ò fẹ́ ká gbin igi, ká ya fọ́tò, kí igi sì kú lọ́sẹ̀ kejì (ó ti ṣẹlẹ̀ rí!).

Ẹ̀yin tí tiyín ti tọ́jọ́, ṣé ike lẹ kọ́kọ́ dojú kọ ni, àbí iná oòrùn? Báwo lẹ ṣe bá àwọn àgbà sọ ọ́ tí wọ́n fi gbà?